Mo Sá fún Kóòtù, Wọ́n Mú Àlàájà

Mo jẹ kóòtù lówó, mo sì sá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ mí ní Ìwó rò pé àìrówó ló kó mi sí wàhálà ọdún 2023, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa rò ó bẹ́ẹ̀ torí pé ó rọ̀ mí lọ́rùn. Ta ni kò mọ̀ pé owó ṣọ̀wọ́n lọ́dún yẹn? Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí ǹ bá gbà, mo mọ ọ̀nà ọ̀hún dáadáa, mo sì fi í sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n wá mú láàárín ọjà lórí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èmi.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe nígbà náà: ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò, rìsíìtì àwọn oníṣòwò. Tí iṣẹ́ bá dá, màá gbé ọkọ̀ mi jáde lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, màá fi ṣe kábúkábú láti Odò-Orí lọ sí ọ̀nà Yunifásítì Bowen. Ní ìparí ọdún 2022, mo fẹ́ yà fún kòtò kan, mi ò wo ẹ̀yìn, mo sì gbá ọlọ́kadà kan. Ó fẹsẹ̀ ṣèṣe, ṣùgbọ́n kò kán. Mo gbé e lọ sí ọsibítù, mo ta ọkọ̀ náà láti fi tọ́jú rẹ̀, èmi àti àwọn ẹbí rẹ̀ sì ti fẹ́ parí ọ̀rọ̀ nílé. Àmọ́ àwọn ọlọ́pàá ti béèrè ìwé ọkọ̀, ọjọ́ sì ti kọjá lórí láísẹ́ǹsì mi, ó ti lé lọ́dún kan. Nígbà tí wọ́n ka ẹ̀sùn sí mi létí ní kóòtù, mo ní mo jẹ̀bi. Kí ni mo fẹ́ máa jà sí? Adájọ́ ní kí n san ₦80,000, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta.

Lọ́yà kan tó wá fún ẹjọ́ ẹlòmíràn ló dìde bá mi bẹ̀bẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó rán adájọ́ létí pé òfin fún kóòtù láṣẹ láti fún ẹni tí wọ́n bu owó ìtanràn lé láyè, kódà kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Adájọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n máa san ₦20,000 lóṣù, bẹ̀rẹ̀ láti ìparí oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, ṣùgbọ́n kí n wá onídùúró kan tó ní ibi tí èèyàn ti lè rí i nílùú. Nígbà tí a jáde, lọ́yà yẹn pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní tí oṣù kan bá le, kí n má jókòó sílé, kí n mú iye tó bá wà lọ́wọ́ mi wá, kí n sì bẹ̀bẹ̀ fún àfikún ọjọ́. Ó ní owó tí èèyàn bá ti san kò ní ṣòfò, torí bí ó bá tilẹ̀ di ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n, wọn yóò yọ ọ́ kúrò nínú iye oṣù tó kù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àlàájà wà níbẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Àlàájà. Ó ti ń ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Odò-Orí kí ìyá mi tó bí mi. Nínú agbo ilé wa, tí ọlọ́pàá bá mú ọmọ ẹnikẹ́ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sáré lọ, kì í sì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbéra. Láyé ọjọ́un, tó bá dé téṣàn, wọ́n á ní àwọn kì í gba obìnrin ní onídùúró, kó lọ pe ọkọ rẹ̀ wá. Inú máa ń bí i débi pé á fi ọ̀sẹ̀ kan sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wá ra ẹ̀lùbọ́. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 lórí ètò ìdájọ́ ọ̀ràn ló wá sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọdọ̀ kọ onídùúró kan nítorí pé obìnrin ni. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ṣe tiwọn tẹ̀lé e, Ọ̀ṣun sì wà lára wọn. Nígbà tí akọ̀wé kóòtù gbé ìwé bọ́ǹdì síwájú Àlàájà, ó ní kí wọ́n kà á fún òun ní Yorùbá. Ó tẹ́tí sí i délẹ̀, ó wá béèrè pé, “Tí kò bá san án ńkọ́?” Wọ́n ní òun ni àwọn máa wá mú. Ó wò mí, ó ní, “Àjàní, o gbọ́?” Mo ní mo gbọ́ o, Àlàájà. Ó tẹ̀ka.

Mo san ti oṣù Kìn-ín-ní. Wọ́n kọ ìwé fún mi, mo fi san owó sí àpò ìjọba ní báǹkì, mo mú tẹ́là padà wá, wọ́n fún mi ní rìsíìtì. Mo fi rìsíìtì náà han Àlàájà. Ó ní kí n rọra fi pamọ́.

Oṣù Kejì ni ìlú dàrú. Gbogbo wa la rántí. Báńkì Àpapọ̀ ti ní òun fẹ́ pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000, wọ́n fún wa di ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Tuntun kò sí ní báǹkì, àtijọ́ kò ṣeé ná lọ́jà. Àwọn èèyàn ń fi náírà ra náírà lọ́wọ́ àwọn oní-POS. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó sọ pé kí á máa ná ti àtijọ́ lọ títí dópin ọdún, ó sì tún pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kí owó tó jáde. Àárín ìyẹn gan-an ni ìdìbò bọ́ sí: ti ààrẹ ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì, ti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta. Ọdún ìdìbò ló yẹ kí atẹ̀wé rówó. Mo ti fi owó ara mi ra bébà àti íńkì, mo ti tẹ pósítà jáde, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ògiri Ìwó, àwọn tó gbé iṣẹ́ náà fún mi sì ń sọ pé kí n jẹ́ kí owó tuntun jáde ná. Lẹ́yìn ìdìbò, ẹni tó wọlé kò gbé fóònù mi, ẹni tó fìdí rẹmi kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ pósítà.

Ibi tí mo máa ń dánu dúró sí nìyẹn tí mo bá ń sọ ìtàn yìí fún èèyàn. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní ìjọba ló ṣe wá báyìí.

Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù Kejì, ₦11,000 wà lọ́wọ́ mi. Kò tó, àmọ́ òun gan-an ni irú owó tí lọ́yà yẹn sọ pé kí n mú wá. Mo dé ẹnu géètì kóòtù pẹ̀lú owó náà nínú àpò. Mo rí akọ̀wé lọ́ọ̀ọ́kán, ọkùnrin tí mo tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, tí mo sì ti ń ṣe fáàrí níwájú rẹ̀ bí ọ̀gá oníléeṣẹ́. Bí mo ṣe máa dúró níwájú ọkùnrin yìí pẹ̀lú owó tí kò pé, kí n máa ṣe “ẹ jọ̀ọ́, sà,” kí àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì máa wò mí, ó kọjá agbára mi. Àwa Yorùbá sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín. Mi ò mọ iye èèyàn tí òwe yẹn ti kó sí gbèsè. Ẹ̀sín tí ì bá gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo sá fún, mo sì wá fi ra èyí tí kò tán títí dòní.

Ibi tí mo dúró sí níta ni ọkùnrin kan ti wá bá mi, irú àwọn tó máa ń rìn káàkiri ibi tí wọ́n bá ti ń ṣẹjọ́ láìsí ẹni tó mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ó ní òun mọ̀ wọ́n nínú ibẹ̀, pé òun á bá mi sọ ọ́, wọn kò ní pe fáìlì mi. Mo kó ₦11,000 náà fún un. Kò fún mi ní rìsíìtì, mi ò sì béèrè, èmi tí mò ń tẹ rìsíìtì fún gbogbo ìlú. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí nọ́ńbà rẹ̀ kò wọlé mọ́.

Mo sọ fún ìyàwó mi pé iṣẹ́ wà ní Èkó. Ṣómólú ni mo lọ, níbi tí àwa atẹ̀wé máa ń forí lé tí ilé bá le, mo bá ọ̀rẹ́ mi kan ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo pààrọ̀ síìmù. Ìyàwó mi nìkan ló ní nọ́ńbà tuntun, mo sì kìlọ̀ fún un pé kó má fún ẹnikẹ́ni, “kódà Àlàájà.” Ó béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ní àwọn olówó èlé ló ń yọ mí lẹ́nu.

Èyí tó wà níwájú yìí ni mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ní Ṣómólú, iṣẹ́ wà. Nígbà tó fi máa di àárín oṣù Karùn-ún, ₦45,000 ti wà lọ́wọ́ mi. Ìwó kò jìnnà. Tí mo bá wọ ọkọ̀ láàárọ̀ tí mo gba Ìbàdàn, ìlú mi ni màá ti jẹun ọ̀sán. Mo jókòó ti owó náà, mo rò ó pé oṣù mẹ́ta ti kọjá tí mi ò san, pé tí mo bá yọjú báyìí, ṣe ni wọ́n máa tì mí mọ́lé kí n tó lanu. Torí náà, ó dára kí n dúró títí gbogbo ₦60,000 tó kù á fi pé. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Lọ́jọ́ kejì mo fi èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ra fóònù. Fóònù tí mò ń lò kò bàjẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ààrẹ tuntun ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo tí à ń rà ní nǹkan bí ₦190 di ₦500 kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìyókù owó náà sì bá jẹnẹrétọ̀ lọ.

Inú oṣù Kẹfà ni wọ́n wá mú Àlàájà.

Òfin 2015 tí mo dárúkọ yẹn kan náà ló ní ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn, irú bíi kí wọ́n mú ìyá nítorí ọmọ. Mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò, mo sì fi í tu ara mi nínú ní Ṣómólú pé kò sí ohun tí wọ́n lè fi Àlàájà ṣe. Mi ò rántí ìwé tí wọ́n kà fún un ní Yorùbá. Àlàájà kò bá ọ̀rọ̀ yìí tan gẹ́gẹ́ bí ẹbí mi, ìka ọwọ́ rẹ̀ ló wà lórí bọ́ǹdì. Kóòtù ti ránṣẹ́ pè é lẹ́ẹ̀kan, ó wá sí ilé wa, ìyàwó mi ní mi ò sí nílé. Ó padà lọ sí kóòtù, ó ní kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀ sí i, ọmọ òun kì í ṣe olè. Wọ́n fún un láyè. Mi ò mọ èyí nígbà tí mò ń yan fóònù.

Àwọn tó wà lọ́jà ló ròyìn fún mi. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bo ẹ̀lùbọ́ òun, torí òjò ṣú. Ó bò ó, ó kó owó ìtajà fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọ bàtà. Wọ́n ní kó gun ọ̀kadà, ó kọ̀, ó ní òun á fẹsẹ̀ rìn. Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó ti lọ sí Mẹ́kà, ló ń rìn láàárín ọlọ́pàá méjì gba iwájú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé kọjá. Téṣàn ló sùn mọ́jú.

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921, ó sọ̀rọ̀ nípa ológò. Tí onígbèsè bá ń sá kiri, ẹni tó yá a lówó á rán ológò lọ sí agbo ilé rẹ̀. Ológò á jókòó síbẹ̀, á máa bú ẹni tó bá rí, á máa pa adìẹ tó bá kọjá níwájú rẹ̀ jẹ, kò sì ní béèrè ẹni tó ni ín. Ìgbà tí ara bá kan gbogbo ilé ni wọn yóò dá owó jọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rẹ́rìn-ín, mo ní ayé àtijọ́ mà burú o. Alẹ́ tí mo ń bọ̀ láti Èkó ni mo rántí rẹ̀ nínú ọkọ̀. Èmi ni mo rán ológò lọ sí ìdí ẹ̀lùbọ́ Àlàájà.

Ìyàwó mi ló pè mí. Kò kí mi. Ó ní, “Bàbá Wálé, wọ́n ti mú Àlàájà o,” ó pa fóònù.

Mo dé kóòtù kí wọ́n tó jókòó. Mo lọ bá akọ̀wé, ọkùnrin tí mo sá fún yẹn, mo ní èmi rèé. Kò fi mí ṣe ẹ̀sín rárá. Ó ní, “Ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹ má lọ o.” Nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́ mi, adájọ́ ṣí fáìlì, ó wò ó títí, ó wá béèrè ìdí tí mi ò fi san.

Mo ní, “Owó wọ́n, Olúwa mi.”

Ó ní, “Ṣé ẹsẹ̀ náà wọ́n ni?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Àlàájà kò rẹ́rìn-ín. Mo gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ ọkùnrin tó gba ₦11,000 lọ́wọ́ mi, adájọ́ ní kí n fi rìsíìtì hàn, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi Àlàájà sílẹ̀ kó máa lọ sílé. Èmi ní tèmi, wọ́n fi mí sí àhámọ́ títí di ọjọ́ Ẹtì. Tí ₦60,000 tó kù kò bá wọlé títí di ìgbà yẹn, ẹ̀wọ̀n ni, wọn yóò yọ ìdá tí mo ti san kúrò nínú oṣù mẹ́ta.

A pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n bu ₦15,000 lé nítorí agbada irin tó jí. Kò sí ẹni tó wá wò ó. Lọ́jọ́bọ̀ wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n Iléṣà. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo lè bá òun san án tí mo bá jáde, òun á wá fi iṣẹ́ san án padà. Mo ní màá gbìyànjú. Mi ò gbìyànjú.

Ìyàwó mi ta ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi. Owó tí mo fi rà á ní tòkunbọ̀ jẹ́ ₦350,000, wọ́n sì mọ̀ pé ó di dandan fún wa kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, nítorí náà ₦140,000 ni wọ́n fún un. Ó san ₦60,000. Ó mú nínú èyí tó kù lọ fún Àlàájà, torí òjò ti wọ inú àpò ẹ̀lùbọ́ mẹ́ta lóru ọjọ́ tó sùn sí téṣàn. Àlàájà gba owó ẹ̀lùbọ́, ó dá ìyókù padà. Láti ìgbà yẹn, ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, Olubunmi Tunji-Ojo, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, kéde pé wọ́n ń tú 4,068 ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, àwọn tí owó ìtanràn tàbí owó gbà-máà-bínú tó há wọn mọ́bẹ̀ kò ju mílíọ̀nù kan náírà lọ. Àwọn iléeṣẹ́ àtàwọn aláàánú ló dá ₦585 mílíọ̀nù tí wọ́n fi san án. Mo ṣírò rẹ̀: bí a bá pín in dọ́gba, kò tó ₦150,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí ọdún tó parí ni ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n sọ fún àwọn aṣòfin pé ₦750 ni àwọn ń fi bọ́ ẹlẹ́wọ̀n kan lóòjọ́. Fún oṣù mẹ́ta, ìyẹn ti lé ní ₦67,000. Ọmọkùnrin onírin yẹn jẹ ìjọba ní ₦15,000. Láti ọdún 2019 ni òfin tó yí orúkọ ilé-iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n padà ti fàyè gba pé kí ẹlẹ́ṣẹ̀ kékeré máa fi iṣẹ́ ìlú gba ara rẹ̀ sílẹ̀, kó gbálẹ̀ ọjà, kó ro ọgbà kóòtù. Lójú tèmi, kò sí ọgbọ́n kankan nínú kí á máa ti òtòṣì mọ́lé nítorí owó tó kéré sí oúnjẹ tó máa jẹ níbẹ̀.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù gbọ́ ìròyìn náà lórí rédíò, wọ́n kọjú sí mi, wọ́n ní, “Ẹ ò rí nǹkan, ohun tí wọ́n ṣe fún ẹ̀yin náà nìyẹn, tálákà ni wọ́n ń fìyà jẹ.” Mo mi orí bí mo ti máa ń mi ín. Fóònù náà wà nínú àpò mi.

Àlàájà kò bá mi jà. Tí mo bá lọ kí i, á bu ẹ̀lùbọ́ fún mi, á béèrè àwọn ọmọ. Nǹkan kan ṣoṣo ló yí padà, agbo ilé ló sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ọdún yẹn, ọlọ́pàá mú ọmọ aládùúgbò wa kan, ọlọ́kadà, lórí ìjà tí kò mọ̀dí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sáré lọ bá Àlàájà bí wọ́n ti máa ń ṣe. Àlàájà ní òun kì í tẹ̀ka mọ́. Ó gbé owó ọkọ̀ fún ìyá náà, ó bá a wá àwo oúnjẹ tó máa gbé lọ, ṣùgbọ́n kò bá a dé téṣàn. Ọmọ náà wà ní sẹ́ẹ̀lì títí àbúrò bàbá rẹ̀ fi dé láti Ẹjìgbò. Kó tó dé, ìyá náà wá sí ìdí iṣẹ́ mi. Ó ní gbogbo èèyàn mọ̀ pé Àlàájà fẹ́ràn mi, kí n jọ̀ọ́ bá òun bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó wá ẹlòmíràn.